£500 tí ìjọba ní kí wọ́n fún mi nítorí ọmọ iṣẹ́, àti ohun tí ojú mi rí kí n tó gbà á

Ní England, ọ̀gá tó bá gba ọmọ iṣẹ́ tó wà láàárín ọdún 16 sí 18 ní £1,000 lọ́dọ̀ ìjọba. Ìdajì máa ń jáde tí ọmọ bá ti lo 90 ọjọ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́, ìdajì tó kù di ọjọ́ 365. Mo gba ọmọ ọdún 17 kan sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi ní London. Ọjọ́ pé, ọjọ́ kọjá, kọ́bọ̀ ò wọlé.

Ó ká mi lára gan-an. Nílé wa, òbí ọmọ ló ń sanwó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n á tún náwó fíríìdọ̀mù. Níbí, èmi ọ̀gá ni mò ń sanwó fún ọmọ. Láti Oṣù Kẹrin 2025 di Oṣù Kẹta 2026, owó wákàtí kan ò gbọ́dọ̀ dín ní £7.55, ọjọ́ tó bá sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mò ń san án bíi pé ó wà lábẹ́ ọkọ̀. Bàtà onírin, aṣọ iṣẹ́ àti àpótí irinṣẹ́, èmi ni. Ìjọba gbìyànjú o: wọ́n san gbogbo owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, torí ilé iṣẹ́ kékeré bíi tèmi kì í san nǹkan kan lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 22. Ṣùgbọ́n £500 yẹn ni mo fẹ́ fi dí ihò irinṣẹ́.

Ṣíṣí àkáǹtì tí ìjọba ṣe fún àwọn ọ̀gá ọmọ iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti bíbuwọ́ lu ìwé àdéhùn ò le rárá. Ibi owó ni wàhálà wà. Ìjọba kì í san án fún ọ̀gá tààrà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń san án fún kí wọ́n fi jíṣẹ́. Ẹni tó ń bójú tó àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí n bi àwọn tó ń bójú tó owó níbẹ̀. Àwọn yẹn ní ìjọba ò tíì san. Mo pe ìjọba, wọ́n ní kí n padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ń gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ owó oṣù ọmọ ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló gbà mí. Ó ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ sí mi létí. Ọjọ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ nínú àkáǹtì mi jẹ́ Oṣù Kẹwàá, bó ṣe wà nínú ìwé àdéhùn. Nínú ìròyìn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fi ránṣẹ́ síjọba lóṣooṣù, Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n kọ. Tí méjèèjì ò bá ti bára mu, ẹ̀rọ á ti owó pa. Data lock ni wọ́n ń pè é. Owó ẹ̀kọ́ tiwọn gan-an ò wọlé lórí ọmọ yìí, ẹnì kankan ò sì fura! Inú bí mi débi pé mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde lọ gba atẹ́gùn.

Wọ́n tún un ṣe, owó dé ọ̀dọ̀ wọn, ló bá tún ku fọ́ọ̀mù báǹkì tí wọn ò fún mi rí. Ìgbà tí mo kọ̀wé sí wọn pé òfin fún wọn ní 30 ọjọ́ iṣẹ́ péré láti fi owó náà lé mi lọ́wọ́ ni wọ́n tó san.

Ọmọ náà ò já mi kulẹ̀ ní tiẹ̀. Láìpẹ́ yìí, oníbàárà kan wa ọkọ̀ wọlé, ọkọ̀ náà ń kùn. Kí n tó gbé jáàkì, ọmọ ti ní béárìnì ẹsẹ̀ iwájú apá òsì ni. Ó fi ọwọ́ kan sórí sípíríǹgì, ó fi èkejì yí táyà, ó ní kí n fọwọ́ kàn án wò. Òun ló jẹ lóòótọ́. Orí mi wú.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́, ẹ gbé ìwé àdéhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ sí i nínú àkáǹtì, kí ẹ sì ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ọjọ́ tí àwọn kọ síjọba ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ gba orúkọ ẹni tó ń sanwó gan-an, kì í ṣe ti ẹni tó wá polówó ẹ̀kọ́ fún yín. Ẹ fi àkáǹtì báǹkì yín ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

£500 kejì ṣì wà níwájú. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ títí di ọjọ́ 365 kó tó jáde, mo sì ti kọ̀wé sí wọn nípa rẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ gba ọmọ kejì, kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ni yóò sì lọ.