Ẹ Má Sọ Gbàgede Ìjíròrò Orí Ayélujára Di Ahoro

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà Àkóbọ̀ n'Íbàdàn, iná check engine tàn nínú ọkọ̀ mi. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, P0171 ni kóòdù tó gbé jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ọ̀ǹpù epo ló ti kú yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ wá òmíràn ní Gate." Agodi Gate ló ń sọ, níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò pọ̀ sí.

Kí n tó fowó sílẹ̀, mo tẹ kóòdù náà sínú Google. Blog ló kọ́kọ́ jáde. Mo ṣí mẹ́fà, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì, ó lè jẹ́ pọ́ọ̀ǹpù, ó lè jẹ́ injector, ó lè jẹ́ sensor tó ń wọn atẹ́gùn, ó lè jẹ́ rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló là. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo ni tèmi níbẹ̀?

Nígbà tí mo wá ìsàlẹ̀ lọ, mo rí ìjíròrò àtijọ́ kan nínú gbàgede ìjíròrò (forum), níbi tí ẹnì kan ti ń béèrè, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń dáhùn ní gbangba. Ẹnì kan ti béèrè ohun tí mo ń béèrè gan-an. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lóhùn ní kó ra pọ́ọ̀ǹpù. Ẹnì kejì ní kó má tíì rà á o, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó dẹtí sílẹ̀ bóyá á gbọ́ "ṣíì" bí ìgbà tí táyà ń jò. Ẹnì kẹta ní tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, kó fọ́n carburettor cleaner díẹ̀díẹ̀ sára àwọn rọ́bà náà kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, torí nǹkan tó ń gbaná ni. Ibi tó bá fọ́n ọn sí tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ibẹ̀ ló ti ń fa atẹ́gùn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, oníbéèrè padà wá. Ó ní rọ́bà kékeré ẹ̀yìn ni, pé abẹ́ ló ti là, ojú kì í rí i àfi kéèyàn fọwọ́ kàn án, pé òun ti pààrọ̀ ẹ̀, iná sì ti kú.

Èmi náà na ọwọ́ síbẹ̀. Abẹ́ ló ti là.

Owó rọ́bà yẹn kò tó owó epo tí mo bá fi lọ sí Gate. Látọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ létí mi pé gbàgede ìjíròrò ti di ohun àtijọ́, pé blog ti gba ipò rẹ̀, mi ò kì í lè dákẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ọwọ́ ara wa la fi ń pa á. Àṣìṣe tí à ń ṣe pọ̀.

Ẹ má ka akéde sí ìpàdé

Ọ̀pọ̀ gbà pé gbàgede ló kọ́kọ́ wà, pé blog wá dé, ó sì lé e lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ọdún. Usenet, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún ìjíròrò láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980. Ọ̀rọ̀ náà weblog kò jáde títí di 1997. Blogger, tó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kóòdù lè ní blog tirẹ̀, dé ní 1999. Ẹ wá gbọ́: oṣù kẹta 2005 ni Seun Osewa dá Nairaland, gbàgede ìjíròrò àwọn ọmọ Nàìjíríà, sílẹ̀. Reddit, tí òun náà jẹ́ gbàgede ìjíròrò, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà. Stack Overflow, tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò, dé ní 2008. Àsìkò tí blog gbòde kan gan-an ni wọ́n dá wọn sílẹ̀, èrò sì wọ́ tọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tí blog kò lè ṣe ni wọ́n ń ṣe.

Akéde ni blog. Ó lu agogo, ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó kọjá sí àdúgbò mìíràn. Gbàgede dà bí agboolé mọ́gàjí nílùú Ìbàdàn wa yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń gbé e kalẹ̀. Ẹnì kan á sọ tirẹ̀, òmíràn á ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ láti àárọ̀ á wá la ẹnu, ọ̀rọ̀ á sì yanjú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìlú nílò àwọn méjèèjì. Tí mo bá fẹ́ ka àlàyé gígùn látọwọ́ ẹni tó mọ nǹkan dénú, blog ni mò ń lọ. Àṣìṣe ni kí ẹgbẹ́ oníṣòwò tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde gba akéde, kí wọ́n wá gbà pé àwọn ti ṣèpàdé.

Àyè ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ blog kò sì tó. Onílé ló ń yan ohun tí a óò sọ, tó bá sì ti gbé tuntun jáde, ti àná ti wọlẹ̀. Nínú gbàgede, ìdáhùn kan ṣoṣo lónìí lè gbé ìbéèrè ọdún mẹ́rin padà sójú gbogbo ayé.

Ẹ má gbé ìdáhùn lọ sí kọ̀rọ̀

Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹnì kan béèrè ní gbangba ibi tó ti lè rí irú iná sólà báyìí ṣe, tàbí bí wọ́n ṣe ń gba ìwé ilẹ̀. Ogún èèyàn ló fẹ́ mọ̀. Ẹni tó mọ̀ á wá kọ ọ́ pé, "Ẹ wá sí inbox." Ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Àwọn mọ́kàndínlógún tó kù pàdánù, ẹni tó máa dé lọ́dún tó ń bọ̀ á sì bá ìbéèrè láìsí èsì. Kò tún sí ẹni tó máa rí i láti sọ pé irọ́ ni wọ́n pa fún oníbéèrè. Kọ̀rọ̀ yẹn làwọn oníjìbìtì fẹ́ràn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè BVN tàbí OTP lọ́wọ́ ẹni tí ìdààmú ti bá. Tí ọ̀rọ̀ kì í bá ṣe àṣírí ẹni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ síbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Gúrúùpù WhatsApp náà, kọ̀rọ̀ ni, bó ti wù kó kún tó. Láti 2022, èèyàn 1,024 ló lè wà nínú ẹyọ kan, ẹ sì lè rò pé ìyẹn ti tó gbàgede. Ṣùgbọ́n Google kò lè wo inú ibẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í sábà rí ohun tí wọ́n sọ lánàá. Ìkíni àárọ̀ àti fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibòmíràn á sì ti bo ọ̀rọ̀ pàtàkì mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Mo wà nínú ti ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa. Lọ́dọọdún ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ borehole máa ń béèrè ìbéèrè kan náà: omi ń jáde kedere, ṣùgbọ́n tó bá ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì fún wákàtí mélòó kan, ó di pupa, aṣọ funfun sì ń bà jẹ́. Bàbá kan wà láàárín wa tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ omi kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń dáhùn. Á ṣàlàyé pé irin ló wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀ náà, pé tí atẹ́gùn bá kàn án ló ń dìpẹtà, kí wọ́n jẹ́ kí omi máa já bọ́ láti òkè sínú táńkì àkọ́kọ́ kí atẹ́gùn lè bá a dáadáa, kí wọ́n wá sẹ́ ẹ nínú iyanrìn kó tó wọ táńkì kejì. Bàbá á fi ìka kan tẹ gbogbo èyí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn á tún béèrè, Bàbá á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tí mo fi ojú mi rí i.

Ẹ má lọ láìpadà wá

Ẹ ti rí i rí: oníbéèrè á padà wá kọ ọ́ pé, "Mo ti yanjú ẹ̀, ẹ ṣé," á sì kú síbẹ̀. Báwo lẹ ṣe yanjú ẹ̀? Èwo nínú àmọ̀ràn mẹ́wàá yẹn ló ṣiṣẹ́? Ká ní ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn kò padà wá lẹ́yìn oṣù méjì ni, pọ́ọ̀ǹpù ni ǹ bá rà. Gbólóhùn méjì ti tó: ohun tí ẹ ṣe, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ṣe é. Tí kò bá tíì yanjú, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ náà.

Ó jọ èyí pé kéèyàn bínú torí àríyànjiyàn, kó wá pa gbogbo ohun tó ti kọ rẹ́. Èsì àwọn ẹlòmíràn á wà lórí ìdúró, kò ní sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń dáhùn.

Àkọlé ìbéèrè ńkọ́? "Ẹ gbà mí o" kò lè ran ẹni tó ń wá nǹkan lọ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ ohun náà, kóòdù rẹ̀, àti ìlú tí ẹ wà. Kò sí ohun tó ní kí ẹ má fi Yorùbá béèrè. Ẹ kàn fi orúkọ tí àwọn ọlọ́jà ń pe ẹ̀yà náà kún un kó lè ṣeé wá.

Ẹ̀yin àgbà gbàgede, ẹ má bú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ṣé o ò lè lo Google ni?" ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sínú kọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní ìlíǹkì èsì àtijọ́, ó parí.

Èyí tó tún ti dé báyìí ni kéèyàn bi ẹ̀rọ bíi ChatGPT, kó wá lẹ ìdáhùn rẹ̀ mọ́ gbàgede bí ẹni pé òun ló gbìyànjú ẹ̀ wò. Ní oṣù Kejìlá 2022, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ChatGPT jáde, Stack Overflow fòfin dè é, torí ìdáhùn náà máa ń dán lójú, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì tọ̀nà. Ohun tí a ń wá débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ti fọwọ́ kan rọ́bà.

Ẹ má fi í sílẹ̀ láìní ẹ̀dà

Ilé ẹlòmíràn la ń gbé lórí ayélujára. Yahoo Groups, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kó ọ̀rọ̀ wọn sí fún ọdún pípẹ́, ti kógbá wọlé ní Kejìlá 2020. Nairaland fúnra rẹ̀, ní 2014, àwọn kan já wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan sì ṣègbé kó tó dìde padà. Ẹni tó bá ń darí gbàgede, kó máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Ẹ̀yin náà tí ẹ bá kọ àlàyé gidi, ẹ tọ́jú tiyín.

Bàbá wa onímọ̀ omi kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí àdúgbò béèrè nínú gúrúùpù ìdí tí omi òun fi ń di pupa. Kò sẹ́ni tó fèsì. A wá àlàyé Bàbá títí. Èmi ti pààrọ̀ fóònù, alága náà ti pààrọ̀ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè rí i nínú fóònù àtijọ́ rẹ̀ tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n gbé e wá bá mi. Mo jókòó, mo tẹ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo gbé e sí Nairaland, mo sì kọ "omi borehole tó ń di pupa, Ìbàdàn" sí àkọlé rẹ̀.