Bí A Ṣe Lè Gbèjà Onígbàgbọ́ Tí Àwọn Èèyàn Dojú Kọ

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, èrò kan sọ òkò pa Deborah Samuel ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Shehu Shagari ní Sókótó, wọ́n sì dáná sun ún, nítorí ohùn tó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ní ó sọ ọ̀rọ̀ òdì sí Ànábì. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo jókòó nínú ìjọ wa ní Ìbàdàn, mo ń retí kí ẹnì kan dárúkọ ọmọ náà. A gbàdúrà fún àlàáfíà orílẹ̀-èdè, a kọrin, a dá owó ọrẹ, a sì túká. Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Mo ti kọ ìlà mẹ́ta sórí fóònù, ṣùgbọ́n mo pa á rẹ́, nítorí Mùsùlùmí ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, n kò sì mọ bí yóò ṣe rí lára rẹ̀. Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà ni mo kọ síhìn-ín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ni wọ́n ní ó sọ, níbo ló ti sọ ọ́, ta ló fẹ̀sùn kàn án, níbo ló sì wà báyìí? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi fídíò òkú ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe gbogbo ìyọnu onígbàgbọ́ ni inúnibíni, nítorí ìjà ilẹ̀ wà, gbèsè wà, àpọ́sítélì Pétérù pàápàá sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe jìyà gẹ́gẹ́ bí olè. Bí a bá gbèjà olè nítorí pé ó gbé Bíbélì dání, ní ọjọ́ tó bá kan aláìṣẹ̀, ta ni yóò gbọ́ tiwa?

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹni náà tàbí ẹbí rẹ̀ kàn kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ariwo lè pa ẹni tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, bí ẹbí bá sì bẹ̀ wá pé kí a dákẹ́, ẹ jẹ́ kí a dákẹ́ ní gbangba, kí a sì máa ṣe ìyókù. Bákan náà, ẹ má ṣe fi dandan mú ẹni tó ń gbé láàárín àwọn tó ń bínú náà pé kí ó wá sọ̀rọ̀. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn, ní Èkó, tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ewu kò sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ẹnu.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ ẹni náà, ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i, ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń béèrè. Ó tó. Nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ mi kọ, mo kà á fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kọ ọ́ pé “wọ́n pa á.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ta ni ‘wọ́n’ yẹn? Ṣé èmi náà wà níbẹ̀?” Mo yí i padà sí “àwọn tó pa á,” ó sì ní kí n fi ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Sultan Sókótó pàápàá ti bẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí a bá sọ̀rọ̀, ẹ̀sìn ẹlòmíràn la ń bú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń kùnà ni ìgbà tí ariwo bá lọ sílẹ̀. Nínú oṣù kan náà, wọ́n mú Rhoda Jatau, òṣìṣẹ́ ìlera kan ní ìpínlẹ̀ Bauchi, wọ́n ní ó fi fídíò kan tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ikú Deborah ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ tó gba onídùúró rẹ̀, ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2024 kí wọ́n tó dá a láre. Ẹni tó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ nílò agbẹjọ́rò kíákíá, nítorí abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí a gbé ẹni tí a mú dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí a ti mú un, abala 36 sì ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí aláìlẹ́bi títí ẹ̀rí yóò fi dé. Ẹ kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sínú ìwé ìkéde ìjọ, kí ẹnì kan jókòó ní kóòtù ní gbogbo ìgbà, kí a sì yan ẹni tí yóò máa bójú tó owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Pọ́ọ̀lù sọ nípa Onesíforù pé ẹ̀wọ̀n òun kò tì í lójú, ó wá òun kiri ní Róòmù títí ó fi rí òun. Wíwá kiri yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Bí ẹni tí wọ́n mú náà bá sì padà dé, ẹ má ṣe fà á lọ sórí pẹpẹ láti jẹ́rìí ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́. Ẹ béèrè ibi tí yóò sùn àti bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Kí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sì máa bá a lọ sí ọjà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ọjà ni ojú ti máa ń wo ẹni jù.