Bí Mo Ṣe Díye Lé Commodore 64 Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ pẹ́ tí kọ̀ǹpútà Commodore 64 kan ti wà nínú páálí ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham. Wọ́n fẹ́ tà á, wọ́n wá ní kí n bá àwọn díye lé e. Owó ńlá ni wọ́n ń retí, torí 1982 ni irú rẹ̀ jáde. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń mówó wá o.” Commodore 64 tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù 10 lọ. Apple-1, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ Apple, tí wọ́n ta ọ̀kan nínú rẹ̀ ní dọ́là 905,000 ní 2014, nǹkan bí 200 péré ni wọ́n ṣe. Kí eléyìí tó lówó lórí, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, kó sì pé.

Wọ́n ti fẹ́ kì í bọ iná, mo ní ó tì. Bí adaptor rẹ̀ bá ti darúgbó, fóólítì (volt) 5 tó yẹ kó máa gbé jáde lè ga sí i, kó sì jó àwọn ṣíìpù inú rẹ̀. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, ó ṣì dáa, àmọ́ mi ò fọkàn tán an. A ra tuntun.

Ìgbà tá a tan án, ojú búlúù yẹn yọ lórí tẹlifíṣọ̀n: 38911 BASIC BYTES FREE. Ẹ má fojú kéré nọ́ḿbà yìí, àyè mẹ́mórì tó ṣófo ló ń sọ. Bí mẹ́mórì bá ti bà jẹ́, ó sábà máa ń dín.

Lẹ́yìn náà ni mo tú ìdè mẹ́ta abẹ́ rẹ̀, mo wá SID kàn. Ṣíìpù tó ń gbé ohùn jáde nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ Bob Yannes. Wọn ò ṣe é mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn olórin ṣì ń wá a lójú méjèèjì, débi pé àwọn kan ń ra Commodore 64 tó ti kú torí rẹ̀ nìkan. Mo dán ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ń dún ketekete. Inú mi dùn gan-an.

Ara rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi hydrogen peroxide, oògùn tó ń bó àwọ̀, bó o, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó máa rà á.

Ní ti iye, àwọn èyí tó ti tà tán lórí eBay ni mo wò, nítorí kò sẹ́ni tí kò lè pe ọjà ní iye tó bá wù ú. Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ (serial number) ara páálí bá ti abẹ́ ẹ̀rọ mu, mo sì rí i pé ìyẹn ń fi owó kún un. Mo ya fọ́tò nọ́ḿbà méjèèjì, ojú búlúù àti SID. Adaptor àtijọ́ náà wà nínú páálí kó lè pé, ṣùgbọ́n mo lẹ bébà mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má kì í bọ iná.