Bí mo ṣe gbé ìwé méjì jáde pọ̀: ọ̀kan fún àgbà, ọ̀kan fún ọmọdé

Ìwé méjì ni mo gbé jáde lọ́dún yìí. Àkọ́kọ́ jẹ́ àkójọ ìtàn kúkúrú fún àgbà, ó dá lórí àwọn obìnrin alátẹ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Èkejì jẹ́ ìwé aláwòrán fún ọmọ ọdún 6 sí 8, nípa ọmọbìnrin kan tó bá ìyá rẹ̀ ta ata nínú ọjà kan náà. Àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ mi ń béèrè bí mo ṣe ṣe é láìgba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣèwé ńlá kankan, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ níbí. Ẹni tó bá sì rò pé ti ọmọdé ni yóò rọrùn, kó jókòó dáadáa: ojú ewé 24 yẹn là mí lóógùn ju ojú ewé 160 ti àgbà lọ.

Ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ gé. Ojú ewé kan kò gbà ju gbólóhùn méjì lọ bí àwòrán yóò bá ráyè. Nítorí náà, ohun tí àwòrán bá ti fi hàn, mo yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, mo ti kọ ọ́ pé ìyá wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó gbé agbọ̀n ata karí, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé jáde. Nígbà tí ayàwòrán ya gèlè, ó ya agbọ̀n, ó ya ẹ̀yìn ilé, ohun tó kù sórí ewé náà ni: "Ìyá ní, 'Ó yá o!'" Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ ó dára bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò ka ìwé fún wọn o, àwọn ni mo ní kí wọ́n kà á fún mi. Ibi tí ahọ́n ọmọ bá ti kọ́, tó padà sẹ́yìn láti tún un kà, mo fi bírò fa ìlà sí i. Ibi tí mo dìídì fi àwàdà sí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ibi tí oníbàárà ti ń nájà, tí ọmọ kékeré náà dá a lóhùn pé "Ẹ fi kún un, màmá!", ibẹ̀ ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rẹ̀ mọ́ ara wọn. Mo sọ gbólóhùn yẹn di ègbè, ó ń padà wá títí ìtàn fi parí. Kò sí olótùú tó lè fún mi ní irú ìmọ̀ràn yẹn.

Ọ̀rọ̀ fóntì, ìyẹn irú ojú lẹ́tà tí a fi ń tẹ̀wé, ló kàn. Ẹ àti ọ lásán kò ní wàhálà lórí kọ̀ǹpútà, nítorí Unicode, ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ti fún wọn ní àyè tiwọn. Àmọ́ bí àmì ohùn bá ti gun orí wọn, ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò lé ara wọn, lẹ́tà àti àmì. Fóntì tí kò bá gbọ́ Yorùbá yóò sún àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Andika ni mo lò fún ti ọmọdé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ni SIL, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ṣe é fún, lẹ́tà a inú rẹ̀ sì rí bí èyí tí olùkọ́ ń kọ sára pátákó. Charis SIL ni mo fi tẹ ti àgbà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, kò le. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà ló ń fúnni, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé ìwé kan náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn náà yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin Ilé Ìkàwé náà ti ọdún 1970 ní kí aṣèwé kó ẹ̀dà 3 fún wọn bí ìwé bá ti jáde. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń gba ìwé ọ̀fẹ́ tó dé.

Ṣómólú l'Ékòó ni mo ti tẹ ìwé. Ẹ̀rọ ń hó láti ojúlé dé ojúlé níbẹ̀: ẹni kan ń gé bébà, ẹni kan ń dì í, ẹni kan ń ta gọ́ọ̀mù. Atẹ̀wé tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún ṣí fáìlì mi nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán. Fóntì mi kò sí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ni ẹ̀rọ bá mú òmíràn tó wù ú. Nínú ẹ̀dà àyẹ̀wò, gbogbo ẹ́ àti ọ́ ti di àpótí. Mo fi hàn án. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ṣáà mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ." Mo kí i pé ó ṣé, mo gbé iṣẹ́ mi, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. PDF tí fóntì ti wà nínú rẹ̀ pinpin ni mo gbé fún ẹni kejì, mo sì ní kó má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Àwọ̀ náà ní ìyọnu tirẹ̀. Iná ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀ tirẹ̀, yíǹkì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, wọn kì í bá ara wọn dọ́gba. Ata tó pọ́n wẹ̀ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ayàwòrán jáde lórí bébà bí ata tó ti sùn sọ́jà. Ìgbà tí ayàwòrán yí gbogbo àwòrán sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin tí atẹ̀wé ń lò, tó sì fi pupa àti yẹ́lò kún un, ni ata tó padà di ata.

Ní ti owó, ìwé aláwọ̀ ń gba pulétì mẹ́rin (irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ àwọ̀ yíǹkì kọ̀ọ̀kan) fún ojú bébà kọ̀ọ̀kan, ti àgbà tó jẹ́ dúdú nìkan ń gba ẹyọ kan. Owó pulétì kò yí padà, ẹ̀ báà tẹ ẹ̀dà 100 tàbí 1,000. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ ẹ̀dà díẹ̀ fi ń lọ sọ́dọ̀ oníẹ̀rọ dígítà tí kì í lo pulétì. Mo sì dúró sí ojú ewé 24 fún ti ọmọdé nítorí ìwé tí wọ́n fi pín-ìn-nì dì láàárín, ojú ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Bébà ló gba owó jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí òkè òkun ló ti ń wá, bí dọ́là bá ti gbéra, òun náà gbéra. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ti kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà sí Ìwọpin nípìńlẹ̀ Ògùn, wọ́n kọ́ sí Jẹ́bà ní Kwara àti Oku Iboku ní Akwa Ibom. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Orí WhatsApp ni mo ti ń ta ti àgbà. Mo máa ń fi ohùn ka ojú ewé kan ránṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyókù á sanwó. Ti ọmọdé gba ilé-ìwé lọ, àwọn olùkọ́ sì ní kí n fi ìbéèrè sí ẹ̀yìn ìwé. Mo ti fi sínú àtẹ̀jáde kejì. Mo tún ti sanwó kọ́fà tó nípọn tí wọ́n fi ọ̀rá bò fún àtẹ̀jáde yìí, nítorí ẹ̀dà tí mo rí lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò mi, ó ti jẹ igun rẹ̀ kan tán.