Tábò kọ́ ló kú: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fákúùmù tábò nínú Golf 1.9 TDI

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Volkswagen Golf 4 ni mò ń wà ní Manchester, ẹ́ńjìnnì 1.9 TDI tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ALH, ti ọdún 2001. Láàrin ìlú, kò yọ mí lẹ́nu rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gun òkè lójú M62 lọ sí Leeds, tí mo sì tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ láti ya ọkọ̀ àjàgbé sílẹ̀, agbára rẹ̀ á ṣàdédé lọ bí ìgbà tí ènìyàn dì í mú láti ẹ̀yìn. Bí mo bá dúró, tí mo pa á, tí mo sì tún un ṣí, ara rẹ̀ á dá. Mẹkáníìkì ní tábò ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó lórí tábò o, ìyẹn ẹ̀rọ tí èéfín ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Tábò tó bá kú kì í jí nítorí pé a yí kọ́kọ́rọ́. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn rewáyà ń pè ní brain box, ló rí i pé afẹ́fẹ́ tí tábò ń tì wọlé ti pọ̀ ju iye tí òun béèrè lọ, ló bá fa agbára sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́, kò sì ní tú u sílẹ̀ títí ẹ ó fi pa ọkọ̀. Bí ẹ bá fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù 17965, tí àwọn sikánà mìíràn ń kọ ní P1557, ni mo retí pé kí ẹ bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí fákúùmù, ìyẹn agbára ìfà tó ń wá láti ibi tí a ti fa afẹ́fẹ́ jáde, ń gbà yóò kàn máa ra nǹkan ni. Inú tábò yín ní àwọn ewé irin kéékèèké tó ń darí èéfín. Bí wọ́n bá pa dé, èéfín á gba ojú tóóró, á sì yí tábò pẹ̀lú ipá. Bí wọ́n bá ṣí, ipá náà á rọ̀. Ọ̀pá irin kan ló ń yí àwọn ewé náà, agolo fákúùmù ló ń fa ọ̀pá, fáàfù tí wọ́n ń pè ní N75 ló sì ń pín fákúùmù fún agolo bí kọ̀ǹpútà bá ṣe pàṣẹ. Pọ́ńpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ni orísun fákúùmù yìí, bíréèkì náà sì ń lò nínú rẹ̀.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, a jẹ́ pé àwọn ewé náà kò tètè ṣí. Ẹ wá ẹnìkan tí yóò bá yín ṣí ọkọ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níhà ògiri tó pààlà sí ibi ìjókòó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbà, ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ fà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá pa á, kí ó rọra sọ̀ kalẹ̀ láì há. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ rọ́bà orí agolo, kí ẹ fi pọ́ńpù ọwọ́ fà á. Ọ̀pá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nígbà tí òǹkà ojú pọ́ńpù bá wà ní nǹkan bí 3 sí 5 inHg (òṣùwọ̀n fákúùmù), á sì dé òpin ìrìn rẹ̀ ní nǹkan bí 18. Bí ó bá ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, tí ó dúró díẹ̀ kó tó tún rìn, ìdọ̀tí èéfín ti há àwọn ewé náà mọ́ra: fífọ̀ ni tábò ń fẹ́. Bí òǹkà bá sì ń já wálẹ̀ nígbà tí ẹ kò fà mọ́, awọ inú agolo ló ti ya. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan bóòtù kékeré tó ń dá apá ọ̀pá náà dúró.

Bí ọ̀pá bá rìn geere, ẹ padà sórí N75. Ihò mẹ́ta ló ní: wọ́n kọ VAC sí èyí tí fákúùmù ń gbà wọlé, wọ́n kọ OUT sí èyí tó ń lọ sórí agolo, ẹ̀kẹta sì ń mí láti inú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí fílítà ti sẹ́. Ihò kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Bí òróró àti eruku bá dí i, fákúùmù tó ti wọ agolo kò ní rí ọ̀nà jáde, àwọn ewé á wà ní pípadé, kóòdù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan á sì jáde.

Ìbéèrè: Ìlú Àjàṣẹ́ ni mo wà, ọkọ̀ tèmi jẹ́ tokunbo, irú ẹ́ńjìnnì kan náà. Tèmi kì í dédé dáwọ́ dúró. Láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni kì í fà, ó sì ń tú èéfín dúdú bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Sikánà kọ 17964.

Ìdáhùn: Òdìkejì ti àkọ́kọ́ ni. Afẹ́fẹ́ kò tó, ó sì ṣeé ṣe kí fákúùmù máa jò kó tó dé agolo. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tẹ bíréèkì wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá le bí òkúta, pọ́ńpù tàbí rọ́bà ńlá tó ti ara rẹ̀ jáde ló ní àìsàn, ẹ má sì gbé ọkọ̀ náà jáde títí a ó fi tún un ṣe. Bí bíréèkì bá dára, ẹ tọ àwọn rọ́bà tín-ín-rín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi náà ti ra N75 tuntun rí lásán: rọ́bà kan ló ń ha ara mọ́ etí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó ti lu bí ojú abẹ́rẹ́, ọ̀rá dúdú sì bò ó débi pé ojú kò rí i. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ láàrin ìka méjì ló tó là. Bí gbogbo rọ́bà bá pé, ẹ fi mítà wọn wáyà inú N75. Láàrin 14 sí 20 ohm ló yẹ kó wà. Ẹ wo àwọn páìpù ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ tábò lọ sínú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, nítorí bí ọ̀kan bá ya, kóòdù kan náà ló ń mú wá.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi rọ́bà inú àpótí onídígí tí a ń sin ẹja sí rọ́pò àwọn rọ́bà tín-ín-rín yìí?

Ìdáhùn: Rárá. Ooru á rọ̀ ọ́, fákúùmù á sì fà á lẹ̀ mọ́ra. Rọ́bà oníaṣọ tí inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo wọn. Ọ̀kan ni kí ẹ máa yọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yọ mẹ́ta pọ̀ á fi OUT sípò VAC.

Ìbéèrè: Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ti dára?

Ìdáhùn: Ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ ṣí ẹgbẹ́ 011, ojú ìwé tó ń fi òǹkà afẹ́fẹ́ tábò hàn, nínú VCDS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ ọkọ̀ Volkswagen wò, kí ẹlòmíràn máa wò ó bí ẹ ti ń wà á. Ní ojú ọ̀nà tó dá, ẹ fi sí jíà kẹta, kí ẹ tẹ tọ́rótù dé ìsàlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní 1,500 ní ìṣẹ́jú kan títí dé bíi 3,500. Iye tí kọ̀ǹpútà béèrè àti iye tí tábò fún un gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀. Ẹ má jáyà bí ẹ bá rí nǹkan bí 1,000 mbar (òṣùwọ̀n ipá afẹ́fẹ́) nígbà tí ọkọ̀ dúró: afẹ́fẹ́ ayé lásán nìyẹn, tábò kò tíì fẹ́ nǹkan kan.