Bí àfọ́kù ìgò mínírà ṣe dé abẹ́ maikirosíkóòpù

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kó tó bọ́ sí i. Ohun kan náà ló fà á nígbà méjèèjì: n kò fọ nǹkan dáadáa.

Àfọ́kù ìgò mínírà ni mo kó sínú ìléru ní 900°C fún wákàtí mẹ́fà. Nígbà tó tutù, ara rẹ̀ ti funfun bí èèpo ẹyin, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Awọ funfun yẹn ni gíláàsì tó ti di kírísítálì, ìyẹn ni pé èròjà inú rẹ̀ ti tò létòlétò. Irú ìyípadà báyìí ni Stookey, onímọ̀ gíláàsì kan, ṣèèṣì bá pàdé ní ilé-iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìléru rẹ̀ gbóná dé 900°C dípò 600. Gíláàsì rẹ̀ funfun, ó já bọ́ sílẹ̀, kò sì fọ́. Tèmi kò le tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí awọ funfun ti pàdé gíláàsì ni mo fẹ́ fojú rí.

Láàbù àwọn tó ń yẹ òkúta wò ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ṣe é. Mo po Araldite, gọ́ọ̀mù tó máa ń le gan-an, mo ri àfọ́kù náà sínú rẹ̀ kí etí rẹ̀ má baà máa rún. Ọ̀gá tó ń bójú tó láàbù ní kí n wọ́n iyanrìn odò díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò bi wọ́n léèrè ìdí. Lọ́jọ́ kejì tó ti le, mo fi ayùn dáyámọ́ńdì là á.

Ó wá ku híha. Pépà oníyanrìn (sandpaper) 240 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 400, 600, 1200; bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni hóró ara pépà ń kéré sí i. Omi gbọ́dọ̀ wà lórí pépà nígbà gbogbo, torí eruku gíláàsì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú. Bí mo bá ti bọ́ sórí pépà tuntun, mo máa ń yí àfọ́kù náà síbùú, kí n lè mọ̀gbà tí ìlà ti tẹ́lẹ̀ bá tán. Níbẹ̀ ni mo ti ṣubú. Omi kànga ni mo fi ṣan án lákọ̀ọ́kọ́, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, hóró 240 sá sábẹ́ èékánná mi, ó sì gbẹ́ kòtò sójú tí 1200 ti dán. Bí gaàrí Ìjẹ̀bú bá dà sínú ẹ̀lùbọ́, ta ni yóò ṣà á? Láti ìgbà náà, píọ̀ wọ́tà ni mo fi ń ṣan án, mo gé èékánná, mo sì ń nu tábìlì kí n tó fọwọ́ kan pépà mìíràn. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí náà mo ti fèrèsé pẹ̀lú.

Mo fi Araldite lẹ ojú tó dán mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, mo rọra tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀, mo sì ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi ku 0.03 mm. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Iyanrìn Ọ̀gá ni. Láàárín polaroid méjì, ìyẹn awẹ́ tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, tó dábùú ara wọn, gíláàsì kì í ní àwọ̀ kankan, dúdú ló máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n hóró iyanrìn ń pupa, ó ń di búlúù, nígbà tó ṣì nípọn. Ìgbà tó di eérú tó ń lọ sí funfun, ó tó.

Mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Òkùnkùn gíláàsì lápá kan, lápá kejì àwọn abẹ́rẹ́ kírísítálì tó tò bí abẹ̀bẹ̀, láti ojú ìta wọnú. Bí mo ṣe ń yí i, àwọn kan ń tàn, àwọn kan ń kú. Kò sí ìlà kan ṣoṣo lójú rẹ̀.

Ọ̀gá bojú wò ó, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbórí sókè. Wọ́n ní, “Ọwọ́ rẹ mọ́ lónìí.”