Kí ẹ tó san owó oṣù: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ilé wéra n'Íbàdàn

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bọ̀dá kan pè mí láti Àkóbọ̀, inú ń bí wọn gan-an. Wọ́n ní olè ni àwọn tó wá fa íntánẹ́ẹ̀tì sílé àwọn. "Ogún megabit ni mo sanwó fún o! Fíìmù tí mo ń gbà sílẹ̀ báyìí, méjì àti díẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ibo ni ìyókù wọlé sí?" Mo ní kí wọ́n bá mi wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé méjì àti díẹ̀ yẹn, ṣé b kékeré ni àbí B ńlá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "B ńlá ni." Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ pe ọlọ́pàá mọ́, sà. Ọjà yín pé."

Kò sí àṣìṣe tó ń dá ìjà sílẹ̀ tó èyí. Megabit ni àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ka ìyára, òun ni Mbps (megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan), b kékeré. Megabyte ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi ka fáìlì tó ń wọlé, òun ni MB, B ńlá. Bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan. Nítorí náà, ẹni tó ra 20 Mbps kò lè rí ju 2.5 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fáìlì 1 GB (ìyẹn 1,000 MB) á sì gbà á tó ìṣẹ́jú méje, bí kò bá tiẹ̀ sí ẹlòmíì lórí ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á fi nọ́ńbà ara fáìlì tiẹ̀ wé nọ́ńbà ara ìwé ìpolówó ẹlòmíì, á wá pa ilé-iṣẹ́ dà. Ó dà bí ẹni tó lọ sọ́jà Bódìjà tó ń fi iye kóńgò ẹ̀wà kan wé iye àpò kan, tó wá ń bínú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé wọn lọ́jọ́ Sátidé, mo rí i pé ẹjọ́ mìíràn ṣì wà nílẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, bọ̀, wọ́n wá fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Mo fi wáyà so lápútọ́ọ̀pù mi mọ́ ọn, ìdánwò ìyára tí mo ṣe lórí Speedtest mú 19 Mbps wá. Mo yọ wáyà, mo lo waifáì lórí àga kan náà, ó mú 14. Mo wá gbé lápútọ́ọ̀pù lọ sí yàrá àwọn ọmọ, lẹ́yìn ògiri méjì. Ó mú 3. Ilé kan náà, ráútà kan náà, kò sì tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ fẹ́ fi wé ti aládùúgbò?

Ẹ má fi waifáì yàrá ẹ̀yìn dá ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́. Oríṣi ìgbì méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà fi ń ta waifáì, 2.4 GHz àti 5 GHz. Waifáì 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá, àmọ́ ó lọ́ra, ti gbogbo àdúgbò sì ń gbún ara wọn níbẹ̀. 5 GHz yára ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Tó bá wá jẹ́ ilé amọ̀ àtijọ́ bí irú èyí tó wà ní Bẹẹrẹ àti Òjé, tí ògiri ẹ̀ nípọn, ẹ lè má bá 5 GHz ní yàrá kejì. Ẹ gbé ráútà sí àárín ilé, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ wá fi wáyà dán an wò nígbà tí kò sí fóònù kankan lórí ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń ṣe ìdánwò nígbà tí ọmọ mẹ́ta ń wo YouTube nínú yàrá, tó wá ní ilé-iṣẹ́ ń rẹ́ òun jẹ.

Ọ̀rọ̀ àkókò ńkọ́? Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni àwọn tó ń polówó rẹ̀ máa ń yọ fóònù jáde láti fi hàn yín, nígbà tí èrò ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n padà wá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ohun tí òpó nẹ́tíwọ̀kì kan ní, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń pín in. N'Íbàdàn tiwa, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá ṣe ìdánwò ní Agbowó tàbí Apẹ̀tẹ̀ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní họ́lídè, ara ẹ̀ ló ń tàn. Tí wọ́n bá ti wọlé padà, òpó tó ń fò tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ẹ ṣe é láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ fi wéra, torí òun ni ẹ máa bá gbé. (Tó bá jẹ́ dátà oníwọ̀n ni, ẹ ṣọ́ra o: lórí 100 Mbps, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré nínú ìdánwò á jẹ 125 MB.)

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà, ńṣe ló ń sáré!" Inú mi dùn fún ẹ̀gbọ́n yín. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ilé tó wà lórí òkè lè rí òpó kedere, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò Ògùnpa má rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ wọn ò jìnnà síra. Ti 5G tilẹ̀ burú jù, torí 3.5 GHz tí wọ́n ń lò níbí kì í fẹ́ràn ògiri. Pé àdúgbò yín wà nínú máàpù ilé-iṣẹ́ kò sọ pé ó dé pálọ̀ yín. Fáíbà, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi wáyà fà wọ ilé, òpópónà sí òpópónà ni ní tiẹ̀. Ará ilé tó kọjú sí yín ni kí ẹ bi léèrè.

Nọ́ńbà ńlá ara Speedtest ni gbogbo wa ń wò, ìyẹn èyí tó ń wọlé. Ẹ wo èyí tó ń jáde pẹ̀lú, pàápàá tí ẹ bá ń ṣe ìpàdé lórí Zoom tàbí tí ẹ ń fi fídíò ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ẹ wo ping náà, ìyẹn àkókò tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Netflix fúnra wọn ní 5 Mbps tó fún fíìmù 1080p, 15 sì tó fún 4K. Ilé ẹlẹ́ni méjì tó ń dààmú láàárín 50 àti 100, kí ni wọ́n ń wá? Ping ló ń mú kí ẹ máa sọ̀rọ̀ gun ara yín lórí ìpè. Ìdí nìyẹn tí íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì ò fi dọ́gba. Èyí àtijọ́ wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, ọ̀rọ̀ á gba ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó lọ kó tó bọ̀. Ti Starlink, tó wọ Nàìjíríà lóṣù kìíní ọdún 2023, wà ní bíi 550 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run gbangba ló ń fẹ́, ẹ má lọ gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Tí ẹ bá sì ń fi méjì wéra, kí ó jẹ́ sáfà kan náà (kọ̀ǹpútà tí ìdánwò ń bá sọ̀rọ̀) ni ẹ yàn fún méjèèjì; ẹ ò lè yan Èkó fún ọ̀kan kí ẹ yan Lọ́ńdọ̀nù fún èkejì.

Ráútà tó kú kò ní ìyára kankan. Ẹ dán an wò nígbà tí NEPA ti mú iná lọ fún wákàtí mẹ́ta, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Fáíbà máa ń ní àpótí kékeré kan lára ògiri yàtọ̀ sí ráútà, iná ni òun náà ń jẹ, àwọn kan á gbé ráútà nìkan sórí ínfátà wọ́n á máa wò ó pé kí ló dé.

Ti owó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi iye tí ẹnì kan san lọ́dún 2024 ṣírò, torí ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Tí wọ́n bá sì ní "kò lópin", ẹ bi wọ́n pé GB mélòó ni wọ́n máa jẹ́ kí ẹ lò kí wọ́n tó dín ìyára kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àtúnṣe. Ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà ládùúgbò wa gé wáyà fáíbà mi nígbà kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wà láìní nẹ́tíwọ̀kì, ojoojúmọ́ ni ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù ń sọ pé "láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, sà". Ìyára ibẹ̀ dára o! Mi ò sì ráhùn nípa ẹ̀ rí. Àmọ́ kí n tó sanwó, mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń tún wáyà tó bá gé ṣe. Ẹ bi àwọn tó ti ń lò ó, ẹ má bi ẹni tó ń tà á. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, 622 ni nọ́ńbà NCC, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ ìgbà tí ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ wa ló bàjẹ́ nínú òkun nítòsí Ivory Coast: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ẹni tó pa ilé-iṣẹ́ dà lọ́sẹ̀ yẹn lè ti bọ́ sórí okùn kan náà.

Bọ̀dá Àkóbọ̀ ti gbé ráútà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lálẹ́ àná wọ́n ya fọ́tò kàlẹ́ńdà tó wà ní pálọ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ti ń fi bírò kọ nọ́ńbà sí i lálaalẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Mọ́ńdè, 11. Túsìdeè, 17. Wẹ́sìdeè, kò sí nọ́ńbà níbẹ̀, "NEPA" ni wọ́n kọ, wọ́n fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.